Ọ̀ọ́dúnrún Èso

Bí bàbá mi bá fẹ́ rí mi, ògiri ló máa ń wò.
Á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi etí ojú kó mi,
àlejò á sì rò pé ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ ni.
Rárá o. Àárín ojú rẹ̀ ló ti kú.
Ibi tó yẹ kí imú mi wà, ó ní eérú ló dúró síbẹ̀,
bí ẹni fi àtàǹpàkò tẹ àwòrán tí tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Akínfọlárìn Gírédà! Ta ni kò mọ̀ ọ́n l'Óǹdó,
láti Òkèlísà títí dé Odòjọmu?
Bí ọ̀bẹ rẹ̀ bá ti la kòkó sí méjì, ẹjọ́ parí.
Ọ̀ọ́dúnrún èso ni yóò bù nínú ẹrù,
á kà á, á là á, á tò ó sórí pákó:
eléyìí pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó dáa;
eléyìí ṣì ń ṣe elésè àlùkò, ìkánjú ni wọ́n fi sá a;
eléyìí ti bu, funfun ti ta sínú rẹ̀ bí irùngbọ̀n arúgbó.

Sìgá sì wà lẹ́nu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn.
Bí ọ̀kan bá ń kú lọ, òmíràn á ti gbaná lára rẹ̀.
Èéfín á gun ẹ̀rẹ̀kẹ́, á kọjá lójú,
ojú á ṣẹ́, omi á lé, iṣẹ́ á máa lọ.
Màmá mi ní, "Bàbá Fèyíṣadé, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn."
Ó ní, "Ikọ́ ni sìgá ń fà. Ṣé mo wúkọ́ ni?"

Lọ́jọ́ kan, ó ní òrùlé sítọ̀ ti wọ́.
Ó pe káfíńtà. Káfíńtà gun òkè, ó na okùn:
pákó gún régé.
Bàbá mi sanwó iṣẹ́ tí kò bàjẹ́.
Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó fọwọ́ sí àpò mẹ́rìnlélógún tó ti bu.
Láti etíkun ni wọ́n ti dá a padà.
Ó dijú mọ́ ìwé náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní ilé ìwòsàn Lájé, Dókítà Akínnágbé na páálí kan sí i,
ìlà kún inú rẹ̀ bí àwọ̀n apẹja.
"Bàbá, níbo ló ti wọ́?"
"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́, rúlà tìrẹ ni."
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo inú ojú, kò rẹ́rìn-ín mọ́.
Ó ní iṣan tó ń gbé oúnjẹ lọ bá ojú tín-ín-rín ju irun lọ,
èéfín ti ba ọ̀nà jẹ́ fún un.
Èyí tó lọ kò ní í bọ̀. Èyí tó kù, ẹ lè ṣọ́ ọ.
"Ọ̀pá mélòó lẹ ń mu lóòjọ́?"
Bàbá mi, tó ń ka kòkó dé ọ̀ọ́dúnrún láìṣì í,
ní, "Mi ò kà á rí."

Nínú mọ́tò ni mo bá a kà á.
Páálí kan lóòjọ́: ogún ọ̀pá.
Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, ọ̀ọ́dúnrún ti pé.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n...
Ó ní kí n má kà mọ́.

Ọ̀bẹ ti dọwọ́ mi báyìí.
Òun á jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ á lọ sí àpò àyà ẹ̀wù,
á tún bọ̀ lófo. Oṣù kẹsàn-án rèé.
Mo la èso.
"Báwo ló ṣe rí?"
"Ó pọ́n, Bàbá."
"Ó pọ́n bí kí ni?"
Ọ̀rọ̀ kọ́ mi lẹ́nu fúngbà díẹ̀.
"Bí ilẹ̀ ọ̀nà Ìdànrè, tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá."
Ó yíjú sí ògiri,
ó rí mi.